Apá Òsì Ẹ̀wù Aláwọ

Ọdẹ́bọ̀dé kò kí i. Ó kàn ju ẹ̀wù aláwọ náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí Dúróríkẹ́ ń tẹ̀ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì ti gún awọ náà lójú kan kí obìnrin náà tó ráyè gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Wò ó dáadáa," ni Ọdẹ́bọ̀dé wí. "Ìwọ lo kọ̀wé rà á fún un. Kò sí ẹlòmíì tó lè dá a mọ̀ jù ọ́ lọ."

Ẹ̀wù dúdú ni, irú èyí tí àwọn tó ń gun alùpùpù máa ń wọ̀, kọ́là rẹ̀ fẹ̀, síìpù gba àyà rẹ̀ kọjá ní ìdábùú. Dúróríkẹ́ kò tíì fọwọ́ kàn án tí ojú rẹ̀ fi lọ síbi tí kò fẹ́ kó lọ. Apá òsì ẹ̀wù náà kúrú ju apá ọ̀tún lọ. Íńṣì méjì gééré.

Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí i, Bàbá Ọdẹ?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́bọ̀dé, òun sì ni olórí agbo ilé. Dúróríkẹ́ kò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ láéláé.

"Ràmọ́nì oníbọ́síkọ̀rọ̀ ló rà á mọ́ aṣọ àlòkù tó ń kó bọ̀ láti òdì kejì ẹnubodè. Bó ṣe rí apá yẹn báyìí, ó mọ ẹni tó ni ín, ó gbé e wá bá mi lánàá. Àwọn ọdẹ ti gbọ́. Lónìí, bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, a óò ṣí ìpà Abíọ́nà ọkọ rẹ. Ìwọ wá sọ lójú gbogbo wa pé tirẹ̀ ni, kí ó parí."

Ó ti ń lọ kó tó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé kò tíì jinná. Ìbọn ló bú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. "Ìyá Mọ́ládé, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o. A ti jìyà tó."

Ìpà! Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ọdẹ lè rò pé eré ni. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á mú ẹ̀wù tí òógùn rẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n á gbé e wọ igi, wọ́n á gbé igi náà lọ sínú igbó. Wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn, pé ọ̀nà tirẹ̀ àti tiwọn ti yà. Wọ́n ní ọdẹ tí a kò bá ṣí ìpà rẹ̀, àwọn alààyè ni yóò máa bá dọdẹ: á máa dí ìbọn mọ́ wọn lọ́wọ́, á máa lé ẹran dànù mọ́ wọn lójú, á máa dári ejò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ejò ti bu ọmọ kan jẹ ní agbo ilé wọn lọ́dún yìí, ìbọn sì ti bú. Abíọ́nà, ọmọ ọdẹ tó sọ ìbọn sílẹ̀ tó lọ gun alùpùpù, jáde nílé lọ́dún 1968. Ó ní òun ń lọ ra táyà ní Ijio, ọjọ́ kẹta lòun ó dé. Ọdún mẹ́tàlá rèé. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí alùpùpù, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ṣí ìpà ẹni tí wọn kò mọ̀ bóyá ó kú.

Nítorí bí ìpà ṣe ń lé òkú lọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló ń lé alààyè. Láti kékeré ni Dúróríkẹ́ ti ń gbọ́ ìtàn ọdẹ Ìgbòho kan tó ṣìnà sígbó fún oṣù méjì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ṣí ìpà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun nìyẹn tó ń bọ̀, ó ru ẹran etu, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́nà. Ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìbáà ṣe òótọ́, ìbáà ṣe irọ́, Dúróríkẹ́ gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ náà sì gbà á gbọ́.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó yọ abẹ́rẹ́ lára awọ náà, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ òkú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ní gbogbo Ṣakí, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀wù aláwọ tó obìnrin yìí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ kọ̀wé sí ilé ìtajà kan nílùú òyìnbó tí ń fi kátálọ́ọ̀gì ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ìwé ńlá tí àwòrán ọjà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹlẹ́ṣin ni àwọn ọmọ Ṣakí ń pe ilé ìtajà náà, nítorí orí ẹṣin tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì gbogbo ẹ̀wù wọn. O yan tìrẹ nínú àwòrán, Dúróríkẹ́ á wọn àyà rẹ, á wọn apá rẹ, á fi gẹ̀ẹ́sì Sítáńdáàdì Síìsì rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, o ra póósítà ọ́dà ní póòsọ́fíìsì láti fi sanwó, ó di oṣù kẹrin kí ẹrù rẹ tó dé. Bí síìpù bá já, òun náà ni wọ́n ń gbé e wá bá. Àwọn géńdé á wá dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á mú ẹ̀mí dúró kí àyà wọn lè fẹ̀, òun á sì fi téèpù na wọ́n lórí: "Mí jáde jàre! Ṣé wàá máa há ẹ̀mí mọ́nú lọ sí Ìṣẹ́yìn ni?" Ibẹ̀ náà ni òun àti Abíọ́nà ti pàdé.

Ta ni kò mọ apá òsì Abíọ́nà? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó já lulẹ̀ lórí igi máńgòrò. Ìyá rẹ̀, Ojúọlápé, ló ń tú ọ̀pá tí wọ́n fi di apá náà láràárọ̀, tó ń fi òrí pa á, tó ń tún un dì. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n apá yẹn kò gùn tó èkejì mọ́. Nígbà tó fẹ́ ra ẹ̀wù Ẹlẹ́ṣin, Dúróríkẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n gé apá òsì kúrú ní íńṣì méjì. Ó rò pé òyìnbó kò ní ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Wọ́n kà á sí. Ọjọ́ tí ẹ̀wù náà dé, Abíọ́nà wọ̀ ọ́ nínú oòrùn ọ̀sán, ó gun alùpùpù yí Ṣakí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí gbogbo ayé ń fi apá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí ẹ̀wù tó mọ apá rẹ̀ wọ̀.

Dúróríkẹ́ kọ́kọ́ gbàdúrà pé kó jẹ́ pé télọ̀ oko kan ló gé apá ẹ̀wù yìí. Ó yí i síta, ó wò ó. Síìpù kékeré ọrùn ọwọ́ wà ní àyè rẹ̀ bó ṣe yẹ, òwú rẹ̀ ṣe déédéé, kò sí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ kankan níbẹ̀. Aṣọ lè gbàgbé; awọ kì í gbàgbé abẹ́rẹ́. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti rán ẹ̀wù náà ni wọ́n ti gé apá rẹ̀ kúrú.

Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀wù náà lé itan. Abíọ́nà, o kú lóòótọ́! Ó fi imú kàn án. Kò gbóòórùn epo alùpùpù tó rò pé òun yóò gbọ́. Ẹja gbígbẹ ni, àti èéfín igi ìdáná, òórùn inú ilé ìdáná kan tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí láti yẹ ìyókù wò. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà láti jókòó lásán. Síìpù: funfun, ó fúyẹ́. Síìpù ẹ̀wù Abíọ́nà bàbà ni, ó wúwo. Ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ti pààrọ̀ síìpù tó ọgọ́rùn-ún. Aṣọ inú: dúdú tó ń dán. Ti Abíọ́nà pupa ni, olówùú, ó ní ilà. Ìyẹn náà kò jẹ́ nǹkan kan, ènìyàn lè tú aṣọ inú. Lébẹ́ẹ̀lì ni kì í purọ́, nítorí wọ́n ti rán an mọ́ ọrùn kí wọ́n tó fi kọ́là bò ó, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ á ba ẹ̀wù jẹ́.

Ó tẹ kọ́là sẹ́yìn. Orí ẹṣin wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, 42.

Méjìlélógójì kẹ̀? Méjìdínlógójì ló kọ fún Abíọ́nà. Ó dá a lójú bí orúkọ ọmọ rẹ̀. Abíọ́nà tí a lè ka egungun ìhà rẹ̀ lókèèrè!

Lábẹ́ 42 yẹn, nọ́ńbà mìíràn tún wà, kékeré, tí kò hàn dáadáa: 107, àti lẹ́tà méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ fèrèsé. Sẹ̀ńtímítà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ránṣọ nílẹ̀ yìí kò lè gbàgbé ọdún tí wọ́n gba yáàdì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi mítà rọ́pò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ọdún bíi mélòó kan tí wọ́n yí gbogbo ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà, àwọn obìnrin ń jà lọ́jà pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, Dúróríkẹ́ sì ju téèpù rẹ̀ àtijọ́ sínú àpótí pẹ̀lú èpè. Ó fa àpótí náà jáde lábẹ́ tábìlì. Àwọn kátálọ́ọ̀gì rẹ̀ wà níbẹ̀, eku ti jẹ etí wọn. Ó ṣí ti 1966: íńṣì nìkan. Ti 1967: íńṣì nìkan. Ó ń ṣí i lọ. Ó kan ti 1974, èyí tí Ẹlẹ́ṣin fi ránṣẹ́ sí i kẹ́yìn kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀. Íńṣì lókè, sẹ̀ńtímítà nísàlẹ̀. Ẹ̀wù náà sì wà níbẹ̀, òyìnbó kan wọ̀ ọ́ tó ń fẹnu kan rẹ́rìn-ín: kọ́là yẹn gan-an, aṣọ inú dúdú, síìpù funfun. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé tuntun ni lọ́dún náà.

Ọdún kẹfà lẹ́yìn tí Abíọ́nà ti lọ ra táyà.

Dúróríkẹ́ ka ọdún náà lórí ìka, bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé rí. Ẹ̀rù tó bà á láàárọ̀, ó mọ orúkọ rẹ̀: ikú ni. Èyí tó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ báyìí kò ní orúkọ. Abíọ́nà kò lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ta ló kọ fọ́ọ̀mù yìí fún un? Ta ló gbé téèpù yí i láyà ká, tó bi í pé apá òsì ńkọ́, tí òun náà sì dáhùn pé ẹ gé íńṣì méjì kúrò?

Ṣùgbọ́n láti 1974 di òní, ọdún méje ni. Ènìyàn lè kú láàárín ọjọ́ kan. Ó ká ẹ̀wù náà sábẹ́ apá, ó sì gba ilé Ràmọ́nì lọ.

Ó bá a láàárín àwọn ìdì aṣọ, ó ń gbọn kóòtù òyìnbó kan. Bí Ràmọ́nì ṣe rí ohun tó wà lábẹ́ apá rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Mọ́ládé, ẹ kú ara fẹ́ra kù o."

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ ni, wàláhì."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn kóòtù tó ti gbọn tán. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá ilé onílé rú."

Dúróríkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá Sàlámì, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀wù yìí ṣí ìpà. Lónìí ni. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan, nítorí Ọlọ́run."

Ràmọ́nì ju kóòtù sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Obìnrin kan ló tà á fún mi, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Èmi kì í ra aṣọ òkú, ẹ mọ̀ mí. Mo bi í pé ṣé ẹlẹ́wù ti kú ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kú kẹ̀, pé ọkọ òun ti sanra ni, síìpù kò pàdé níkùn rẹ̀ mọ́."

"Ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

"Ẹ ò sì sọ fún Bàbá Ọdẹ!"

"Mo fẹ́ sọ! Mo ṣe bí inú wọn yóò dùn ni mo ṣe gbé e lọ. Bí mo ṣe na ẹ̀wù sí wọn báyìí, gbogbo ilé figbe bọnu: Abíọ́nà ti kú, Abíọ́nà ti kú. Ẹnu mi wọlé. Ta ni yóò gbà mí gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n á ní èmi ni mo pa á ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí mo ń dá ìtàn. Ọdẹ ni wọ́n o, Ìyá Mọ́ládé. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ wọn."

Dúróríkẹ́ dìde láìdúpẹ́. Ó ti rìn jìnnà kó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ṣábẹ̀ẹ́! Kì í ṣe òkun ló wà láàárín. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ń dìde lóru gbọ́ ìró, tó ń fojú inú rí i lábẹ́ igi kan, tí igún ti ṣí ẹ̀wù náà láyà. Ẹni tó ń torí rẹ̀ sunkún wà nílé, ó ń jẹ ẹja gbígbẹ, ó ń sanra. Inú bí i, inú náà sì kọjá ìbínú. Ó dúró sábẹ́ odi kan, ó gbọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíì: dákẹ́. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Sọ pé tirẹ̀ ni, irọ́ kọ́, tirẹ̀ mà ni. Jẹ́ kí wọ́n yìnbọn wọn. Jẹ́ kó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kọ́ fún obìnrin náà.

Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á ju ẹ̀rù ìpà lọ. Ó fi ẹ̀yìn ti odi títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn obìnrin yẹn. Ọmọ náà kò mọ Ijio, kò mọ táyà.

Bí òun bá sì sọ gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Ó mọ Ọdẹ́bọ̀dé. Ẹni tó sunkún àbúrò rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá, tí ìbọn bú mọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ó bá gbọ́ pé ó ń sanra ní Ṣábẹ̀ẹ́, kò ní fi ọwọ́ òfìfo lọ pè é wálé. Àwọn ọdẹ á tẹ̀lé e. Ìpà ò ní pa Abíọ́nà mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò pa á. Ìyá àgbà ńkọ́, Ojúọlápé, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́, tó ń sọ lójoojúmọ́ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ? Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹyin sì lohùn. Ẹyin kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, agbo ilé sì nìyẹn níwájú.

Wọ́n ti pé. Àwọn ọdẹ mọ́kànlá jókòó lábẹ́ igi, ìbọn lé itan. Igi tí wọn yóò gbé ẹ̀wù wọ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n ti de igi mìíràn mọ́ ọn ní ìdábùú láti fi ṣe èjìká. Dúróríkẹ́ rí i pé wọ́n gé èjìká òsì kúrú.

"O pẹ́," ni Ọdẹ́bọ̀dé wí. "Sọ̀rọ̀."

Orí ẹní ni Ojúọlápé wà, wọ́n gbé e síta fún ìkẹyìn ọmọ rẹ̀. Kò sọkún. Ó kọ etí sọ́dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òjò tí kò tíì dé.

"Kì í ṣe tirẹ̀," ni Dúróríkẹ́ wí.

Ariwo sọ. Ọdẹ́bọ̀dé dìde. "Kí lo wí?"

Dúróríkẹ́ tẹ kọ́là sẹ́yìn. "Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin náà rántí ọdún tí wọ́n gba yáàdì lọ́wọ́ àwa aránṣọ tí wọ́n fún wa ní mítà. Abíọ́nà ti lọ tipẹ́ nígbà náà. Nọ́ńbà mítà ló wà lára ẹ̀wù yìí. Ẹ wò ó. Ọdún kẹfà tó ti lọ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú rẹ̀. Ó wà nínú kátálọ́ọ̀gì. Nígbà tí Abíọ́nà fi jáde nílé, ẹ̀wù yìí kò tíì wáyé."

Ògúndìran ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọdẹ tó ti ṣe sójà rí, tó mọ ìwé. Ó na lébẹ́ẹ̀lì náà sí oòrùn, ó gbé e sún mọ́jú, ó gbé e jìnnà.

"Òótọ́ ló sọ. Sẹ̀ńtímítà ni. Àwa kò rí èyí lára aṣọ títí ogun fi parí."

"Apá ńkọ́?" Ọdẹ́bọ̀dé fi ọwọ́ tó dára já a gbà. "Apá tó kúrú yìí ńkọ́? Ta ló tún ní apá báyìí láyé?"

"Abíọ́nà nìkan kọ́ ló já lórí igi rí," ni Dúróríkẹ́ wí. Òun gan-an gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́lẹ́ tó. Àwọn ọdẹ ń wo ara wọn.

"Ẹ gbé e wá fún mi," ni Ojúọlápé wí.

Kò sẹ́ni tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Ọdẹ́bọ̀dé tẹ́ ẹ̀wù náà lé ìyá rẹ̀ nítan. Ìyá àgbà kò lọ sí àyà rẹ̀, kò lọ sí kọ́là. Ó wá apá òsì rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ó ń fi ìka wọ̀n ọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń wọn apá ọmọ ọdún mẹ́fà láràárọ̀ nígbà tó ń tú ọ̀pá lára rẹ̀. Ó dé ìgúnpá, ó dúró. Ó tún ń bọ̀. Ó dé ẹnu ọwọ́ ẹ̀wù náà, ibi tó yẹ kí ẹ̀wù kù sí tí kò kù sí, àwọn ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ pátápátá.

Dúróríkẹ́ rí i. Ó rí i pé ìyá àgbà ti mọ̀. Ó mọ apá ẹni tó ni ẹ̀wù náà, ó sì ti gbọ́ ọdún tí wọ́n rán an. Kò sí ohun tó kù tí afọ́jú náà kò rí. Bí ìyá bá la ẹnu báyìí, ó parí.

"Kì í ṣe ti ọmọ mi," ni Ojúọlápé wí. "Apá ọmọ mi kò rí báyìí. Ẹ gbé igi yín, ẹ máa lọ."

"Ìyá..."

"Ọdẹ́bọ̀dé, èmi ni mo bí i, àbí ìwọ? Ṣé ẹ̀wù alààyè kan lẹ fẹ́ fi lé ọmọ mi lọ? Ẹ máa lọ ilé yín."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́bọ̀dé ń kùn pé ta ni yóò wá dáhùn ejò, ta ni yóò wá dáhùn ìbọn. Ògúndìran ní kó dín ẹ̀tù tó ń rọ sínú ìbọn kù ná, pé Abíọ́nà kọ́ ló ń bá a rọ ọ́. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́bọ̀dé kò rẹ́rìn-ín, ó gbé igi náà lé èjìká, ó sì lọ jù ú nù lẹ́yìn ilé.

Ó ku obìnrin méjì. Dúróríkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ewúrẹ́ kan wá, ó gbóòórùn ẹ̀wù náà, ó lọ.

"Ó tóbi," ni ìyá àgbà wí.

Dúróríkẹ́ wo ọ̀nà tí àwọn ọdẹ gbà lọ.

"Mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Nígbà tó jáde nílé yìí, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà."

"Ó tóbi, Màmá."

"Ó ń jẹun nígbà yẹn."

"Ó ń jẹun, mà." Ó pa kọ́là ẹ̀wù náà dé. "Wọ́n ní ó tún ti sanra ju èyí lọ."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde kúkúrú, ó sì já sí ẹkún láàárín, ó fi apá ẹ̀wù náà bo ẹnu kí ará ilé má baà gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, tí ọrùn ṣì ń dùn.

"Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń bẹ̀rù pé ẹranko ló jẹ ẹ́. Ta ló ń dáná fún un?"

"N kò mọ orúkọ rẹ̀, mà."

Ojúọlápé mi orí. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan èjìká rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà lé e níbẹ̀.

"Dúróríkẹ́," ni ó pè é.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí tí wọ́n sì mú un wọlé, kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn níbẹ̀. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, nígbà tó sì bímọ, ó di Ìyá Mọ́ládé. Ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Dúróríkẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyá ọkọ òun mọ orúkọ náà. Ó gbé ojú sókè wo obìnrin tí kò lè rí i náà, ohun tó ń sọ fún un sì yé e, díẹ̀díẹ̀: kò sí ọkọ tí yóò tún máa dúró dè nílé yìí mọ́.

"Mà," ni ó dáhùn.

"Ọmọ mi ń jẹun. Ìwọ náà dìde, lọ jẹun."